Ìpele Keje

"Ta ló fọwọ́ kan ilé mi?"

Ohùn náà gba gbogbo yàrá ìyàwòrán kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ń to iṣẹ́ tiwọn sórí tábìlì gbójú sókè wo ọmọ káfíńtà. Ó di òrùlé mú lọ́wọ́ kan, ó sì na ìka ọwọ́ kejì sínú ilé onípákó kan tí kò ga ju agolo mílíìkì méjì tí wọ́n tò léra lọ. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí nínú ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ilé, kò sì tíì sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin gbọọrọ kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Rúlà, sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó fọ́ ni?"

"Ó sàn kó fọ́. Wo àtẹ̀gùn mi. Wo ihò tó wà lókè ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo yà á báyìí."

Rúlà wo ilé kékeré náà, ó wo àwòrán tó wà lára ògiri, ó tún padà wo ilé. Lóòótọ́ ni. Nínú àwòrán, ihò tí àtẹ̀gùn gbà yọ sókè kúrú, yàrá ibùsùn sì fẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, ẹnì kan ti gé ilẹ̀ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kúrò ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan, ó sì ti ti ògiri yàrá sẹ́yìn. Àtàǹpàkò kan kì í ṣe nǹkan kan lójú ẹni tí kò mọ̀. Nínú ilé tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà kan dípò àádọ́ta, mítà kan gbáko ni.

"Bàbá mi ni," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kò sí ẹlòmíì."

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá. Ní agogo méjì ọ̀sán, àlejò méjì láti yunifásítì kan lókè òkun yóò wọlé wá wo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, wọn yóò sì mú ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò wá bá wọn kàwé fún ọdún kan. Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ọmọ káfíńtà ti ń múra ọjọ́ yìí. Ó ti gba ìwé ìrìnnà, ó sì ti ka orúkọ gbogbo kíláàsì tó fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún sórí bí ẹni ń ka orúkọ mọ̀lẹ́bí. Òfin kan ló wà. Ẹnikẹ́ni lè bá akẹ́kọ̀ọ́ kan ilé kékeré rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà gbọ́dọ̀ bá àwòrán mu, èrò tó wà nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ náà nìkan. Gbogbo wọn ló ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù lórí ìyẹn.

Bàbá rẹ̀ ló bá a kan tirẹ̀, ó sì ti fi bébà dì í kó tó gbé e fún un láàárọ̀ yìí. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọkùnrin tó ti ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé láti ọgbọ̀n ọdún, tí pákó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò dáa níbẹ̀: láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí ti bẹ̀rẹ̀, bàbá náà kò dá sí i rí. Ìyá ọmọ máa ń sọ pé tí òun bá fẹ́ kí ọkọ òun dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n, kí òun sáà ti dárúkọ òkè òkun, kíá ló máa rántí pé òun fẹ́ lọ wá òòlù.

Ó mú fóònù, ó pè é.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àwọn àlejò ti rí ilé náà?"

"Wọn ò tíì dé. Bàbá, kí lẹ ṣe sí àtẹ̀gùn mi?"

"Mo tún un ṣe ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tún un ṣe?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ti mọ̀ pé òun ti kọjá àyè òun. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mo yà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kàn."

"Mo gbọ́. Mò ń bọ̀."

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà—"

Fóònù ti kú.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Rúlà ti da ilé náà dé. Ó bá ọ̀rá kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, pákó pẹlẹbẹ kan sì wà nínú ọ̀rá náà. "Wò ó! Bàbá ẹ ò ju nǹkan nù. Ibi tí wọ́n gé rèé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, gọ́ọ̀mù díẹ̀, ká dá ògiri padà sáyè ẹ̀, ó parí. Ta ló máa mọ̀?"

Ọmọ káfíńtà kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Inú rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó wá gọ́ọ̀mù kiri títí ó fi rí i, ó ṣí i, ó sì ti ń fi sí etí pákó náà nígbà tí ohùn kan wọlé láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin onílé!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, torí pé lóòótọ́, ilé ò wọ́n nínú yàrá yẹn. Káfíńtà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lójú àti ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí nínú yunifásítì. Ó ń kí ẹni tó bá pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé tábìlì ọmọ rẹ̀, ó sì rí gọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bínú.

"Fi gọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ ná. Gbé pákó náà lé e lásán."

Ọmọ gbé e lé e. Bàbá wá ti ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó mú ìṣó kan jáde. Ó ti gé ẹnu ìṣó náà kúrò, orí rẹ̀ nìkan ló kù pẹ̀lú ara tí kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ.

"Alàgbà nìyí," ló wí fún Rúlà. "Tí ẹ bá sọ ilé di kékeré tó báyìí, bó ṣe yẹ kí èèyàn ga nínú ẹ̀ nìyí. Kò sí ilé kékeré tí mo kàn rí tí Alàgbà ò kọ́kọ́ wọ̀."

Ó gbé Alàgbà wọ ẹnu ọ̀nà. Ó mú un kọjá pálọ̀, ó mú un dé ìdí àtẹ̀gùn, ó sì ń gbé e gòkè ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ó ń kà. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù ti kóra jọ. "Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà." Ní ìpele keje, orí ìṣó kan pákó tó wà lókè rẹ̀. Kò!

"Ó ti fọ́rí," ni Káfíńtà wí.

Ọmọ gba ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò! Ní ìpele keje náà ni.

"Tó bá tẹrí ba díẹ̀ ńkọ́, sà?" ni Rúlà béèrè.

"Ṣé bí á ṣe máa tẹrí ba lọ sùn lójoojúmọ́ ayé ẹ̀ nìyẹn? Tó bá wá pọn ọmọ ńkọ́?"

Ẹ̀rín tún sọ. Ọmọ káfíńtà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì í gidigidi. Oṣù mẹ́jọ ló fi ya àtẹ̀gùn yìí. Ó ti yan àwọ̀ igi rẹ̀, ó ti ro bí oòrùn àárọ̀ yóò ṣe máa bọ́ sí i lára, àmọ́ kò fi ìgbà kan gùn ún nínú ọkàn rẹ̀.

"Ó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún mi, Bàbá."

"Ó yẹ kí n sọ," ni bàbá dáhùn. Ó gbójú kúrò lára rẹ̀, ó sì ń yẹ etí tábìlì wò bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ọmọ káfíńtà wo pákó pẹlẹbẹ náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó wo ìṣó. Ó dé gọ́ọ̀mù padà, ó sì gbé pákó náà kúrò lórí ilé.

"O fẹ́ ṣe kí ni?" ni Rúlà béèrè.

"Àwòrán ni mo máa tún ṣe."

"Ṣé o ti rí iye èèyàn tó tò síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé? Wọ́n ti tò dé ìta!"

"Mi ò tẹ nǹkan kan. Bírò pupa ẹ dà?"

Ó ká àwòrán kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà pupa ya ohun tó tọ́ lé orí ìlà dúdú. Bàbá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú kó má bàa sún. Nígbà tí ọmọ ti ògiri yàrá sẹ́yìn tán, ó rí i pé ilẹ̀kùn yàrá yóò máa gbá kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ìdí bírò họ orí. Ó wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lójú fèrèsé, ó yí i sí ògiri kejì nínú àwòrán àti nínú ilé, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì wá rí àyè gba ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ tààrà sórí àtẹ̀gùn. Ó kígbe ayọ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó! Ẹ wo ibi tí oòrùn máa bọ́ sí!"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Èyí dùn o. Èmi ò rí ìyẹn rárá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ àárọ̀ tí kò jẹ lọ.

Nígbà tí agogo méjì lù, olùkọ́ àgbà wọlé pẹ̀lú àwọn àlejò méjèèjì: obìnrin kan tí orí rẹ̀ funfun báláú, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó mú ìwé àkọsílẹ̀ dání. Wọ́n ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. Nígbà tí wọ́n dé ti ọmọ káfíńtà, olùkọ́ àgbà rí bírò pupa, ó fẹjú.

"Kí lèyí? Ṣé ìwọ lo wá ń máàkì iṣẹ́ ara ẹ ni?"

Ọmọbìnrin náà mú ìṣó sókè. "Ẹ má bínú, mà. Àṣìṣe wà nínú àtẹ̀gùn mi. Èèyàn máa fi orí gbá àjà ní ìpele keje, ìṣó tó dípò èèyàn yìí la fi mọ̀. Bàbá mi ló rí i, wọ́n sì tún un kàn. Káfíńtà ni wọ́n, àwọn ló dúró sẹ́bàá ògiri yẹn. Mo buwọ́ lù ú nínú fọ́ọ̀mù pé èrò tèmi nìkan ni. Láti àárọ̀ yìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó yẹ kí n sọ."

Rúlà dijú. Káfíńtà ní ẹ̀bá ògiri bọ́ fìlà, ó tún dé e padà.

Obìnrin olórí funfun náà sún mọ́ tábìlì. Ó na ọwọ́, ó gba ìṣó, ó sì mú un gun àtẹ̀gùn náà fúnra rẹ̀ láti ìpele kìíní dé òkè. Alàgbà kò kan ohunkóhun. Ó gbé e wọ yàrá, ó dúró.

"Ta ló gbé kọ́bọ́ọ̀dù yìí síbí?"

"Èmi ni, mà. Láàárọ̀ yìí."

Àlejò náà yíjú sí Káfíńtà. "Ṣé òótọ́ ni, ọ̀gá?"

"Òun ni, mà. Tó bá ṣe èmi ni, ayùn ni ǹ bá fi gé kọ́bọ́ọ̀dù náà."

Olùkọ́ àgbà, tí wọn kì í sábà rí eyín rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú. Ọ̀dọ́kùnrin oníwèé kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí wọ́n wo gbogbo tábìlì tán, àwọn àlejò jáde lọ jókòó sọ̀rọ̀, wọn kò sì pẹ́ dé. Obìnrin náà dúró láàárín yàrá. "Gbogbo yín lẹ ṣe dáadáa. Ibi tó dáa nínú iṣẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi hàn mí, mo sì ti rí ibi tó dáa púpọ̀ lónìí. Ẹnì kan ló mú mi lọ síbi tó ti ṣì í, tó sì jẹ́ kí n rí bó ṣe ń ronú. Mo lè kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nǹkan. Ọmọ káfíńtà ni kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Rúlà ló kọ́kọ́ pariwo. Ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún gbá tábìlì, ó ń fò lẹ́sẹ̀ kan, ó ṣì ń pariwo. Àwọn tí wọn kò mú pàápàá rọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ọmọ káfíńtà fi ráyè wo ẹ̀bá ògiri, bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó bá a níta, níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngán, àpò irinṣẹ́ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó tì í.

"Bàbá, wọ́n mú mi."

"Mo gbọ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ariwo ọmọ gbọọrọ yẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ. Ọjọ́ tí o gbé àwòrán yẹn wá gan-an ni mo ti rí i."

"Àtẹ̀gùn náà?"

"Àtẹ̀gùn náà. Mo dákẹ́. Mo ní, àwọn àlejò yẹn náà lójú, wọ́n á rí i, wọ́n á mú ẹlòmíì, ọmọ mi á sì jókòó tì mí. Mo kàn án bí o ṣe yà á gẹ́lẹ́. Mo gbé e sórí tábìlì, mo fi odidi ọjọ́ mẹ́ta wò ó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo mú ayùn."

Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ kí n lọ."

"Mi ò fẹ́ kí o lọ," ni bàbá wí gbangba. "Mo sì fẹ́ kí wọ́n mú ẹ. Méjèèjì ló wà nínú mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa kàn wọ́n pọ̀."

Ó gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun pákó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

"Báwo ni èèyàn ṣe ń dé ọ̀hún gan-an?" ni bàbá béèrè. "Sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ọkọ̀ òfúrufú àkọ́kọ́, ó sọ ti ibi tí wọn yóò ti wọ èkejì. Bàbá rẹ̀ gbé àpò irinṣẹ́ kúrò láàárín ẹsẹ̀, ó nasẹ̀, ó sì ń bi í léèrè bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.