Ẹni Tó Ń Rìn Lẹ́yìn Rẹ̀ Lórí Okùn

Káfíńtà ni ọkọ onídìrí kan, òrùlé ló ń kàn. Bó bá ti tibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ. Ó ti na okùn pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ lọ́rì, sáàárín igi méjì níbẹ̀. Orí okùn yìí ló ti ń rìn, tó ń jókòó, tó ń yí bírí. Ìyàwó a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun rò pé èèyàn lòun fẹ́, àṣé ọ̀bọ ni. Ọkọ náà kò já bọ́ láti orí okùn náà rí. Orí òrùlé olórùlé ló ti já bọ́, tó sì kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, okùn kò sinmi. Lọ́sàn-án gangan tí ewé kankan kò mì, á máa gbọ̀n. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbélé, ní kó gé e dànù. Onídìrí mú ọ̀bẹ jáde, ó fọwọ́ kan okùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀. Dípò kó gé e, ó bọ́ bàtà, ó gùn ún.

Ó ṣubú títí itan rẹ̀ fi bó. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n, torí bó bá ti fẹ́ yẹ̀, okùn á tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń bá a gbé ara ró. Kò sọ fẹ́nì kankan. Wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, ó rọra béèrè pé, "Ìyàwó mi, ta ló ń rìn lẹ́yìn ẹ?"

 Onídìrí kò tíì láyà láti yí padà lórí okùn rí. Ọjọ́ náà ló yí padà. Kò rí ẹnì kankan. Okùn nìkan ló tẹ̀ kòtò níwájú rẹ̀, bí ibi tí ẹsẹ̀ ọkùnrin dúró sí.

Ó ní, "Olówó orí mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Okùn ta sókè, ó dákẹ́. Onídìrí gbé ẹsẹ̀ kan, ó já lulẹ̀. Ó tún gùn ún, ó tún já. Ìgbà yẹn ló yé e pé òun kò dá rìn lórí okùn náà rí. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ìyá arúgbó wọ́ ẹsẹ̀ wá bá a. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Di èjìká mi mú."

Ó dì í mú, ó sì gun okùn bí ẹni tí kò gùn ún rí.