Ìdí Ìbọn Bàbá Àgbà

Ìyá Bọ́lá, má tíì pariwo mọ́ mi, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún ọ ná. Mo gbé ìbọn tí bàbá àgbà fi ja ogun òkè òkun lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ìbọn tí èmi àti ìwọ ń bára wa fà nítorí igi ìdí rẹ̀ tó là. Káfíńtà tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì bí aláìsàn, ó da aṣọ bò ó, ó ní, "Ṣé kí n tún un ṣe, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Kí n tó dáhùn, bàbá àgbà ti jáde látinú àpótí irinṣẹ́ tàwọn ti fìlà sójà lórí. Wọ́n ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ọta ìbọn ló bà á níbẹ̀. Àpá ogun ni."

Ìyá àgbà ti jókòó ti ìbọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní, "Ọta wo? Èmi ni mo máa ń fi í pa èkùrọ́ tí ẹ bá ti lọ sóko."

Ìbọn bú sẹ́rìn-ín, ibi tó là yẹn di ẹnu, ìyá àgbà ń ju èkùrọ́ sí i, ó ń run ún wómúwómú.

Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi pé kí n sọ èyí tí mo fẹ́. Bí mo ṣe lanu, ìyá àgbà ju èkùrọ́ kan sí mi lẹ́nu, wọ́n ní, "Jẹ ìyẹn ná." Mo gé e jẹ tagbáratagbára, èkùrọ́ náà figbe ta pé, "Bàbá Bọ́lá!" Ni mo bá lajú, mo rí ìka rẹ lẹ́nu mi.