Bí Sesammal Ṣe Ka Orúkọ Àwọn Fada

Ẹja ni Sesammal ń sá lórí iyanrìn nígbà tí Fada Amalan, àlùfáà ìjọ wọn, wá sọ fún un pé Fada Innasi ń bọ̀ wá síbi ọdún ìjọ. Sesammal yí ẹja kan, ó yí òmíràn, títí Fada fi rò pé kò gbọ́, ló bá tún un sọ. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kò ní lè wá, Fada Innasi ni yóò dúró fún un, nítorí ó ti di ẹni ńlá nílé Bíṣọ́ọ̀bù báyìí, òun náà ló sì kọ́ ilé ìwé Manalkarai, abúlé wọn.

"Mo gbọ́, Fada," ni Sesammal wí. "Etí mi ò tíì di."

Fada ò kúrò. Ó dúró sínú oòrùn pẹ̀lú àṣíborí alùpùpù lọ́wọ́, ó ń wá bí yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ tó kù kalẹ̀. Sesammal mọ ohun tó ń wá, ó sì jẹ́ kó máa wá a.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fa àsíá Màríà Ìràwọ̀ Òkun sókè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan máa ń dìde ka orúkọ gbogbo Fada tó ti ṣe àlùfáà ìjọ náà, láti orí ẹni àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ Sesammal ló ń kà á tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ìyẹn kú ló bọ́ sọ́wọ́ Sesammal. Bó bá dárúkọ ẹni tó ti kú, á parí rẹ̀ pé, "Ó ti sùn," gbogbo ìjọ á dáhùn pé, "Kí ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú tàn sí i lára." Bó bá jẹ́ ẹni tó ṣì wà láyé, á ní, "Ó ń bẹ," wọn á ní, "Kí Olúwa máa ṣọ́ ọ." Láti kékeré ni wọ́n ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹnu wọn á ti dáhùn tán kí ọkàn wọn tó débẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni ìnagijẹ. Kò sí Fada tí Manalkarai ò fún lórúkọ tiwọn. Fada Leon, òyìnbó tó kọ́kọ́ dé, Fada Aláìníbàtà ni, nítorí ó rin iyanrìn gbígbóná títí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣí. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbẹ́ kànga, omi iyọ̀ ló jáde, ó jókòó tì í, ó sunkún bí ọmọdé, ó sì lọ gbẹ́ òmíràn. Fada Kànga nìyẹn. Fada Ewúrẹ́ sin ewúrẹ́ títí wọ́n fi jẹ aṣọ orí pẹpẹ. Fada Pósí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkú nígbà àìsàn onígbáméjì, tí àwọn ọmọ olókùú ń sá, àìsàn náà sì pa òun náà. Abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Fada Oorun máa ń sùn lọ bí èèyàn bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá tóbi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ.

Lẹ́yìn Fada Oorun ni Fada Innasi. Fada Kọ́kọ́rọ́.

"Màmá," Fada Amalan wí níkẹyìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní orúkọ yẹn lójú rẹ̀."

"Kí ni kí n pè é?"

Fada ti múra sílẹ̀. Ó ní kó pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kó wí pé, Fada Innasimuttu, olùṣọ́-àgùntàn rere, ẹni tó tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀kọ́ sáàárín wa.

"Ọ̀rọ̀ yẹn dùn o," Sesammal wí. "Ẹ tún un sọ, kí n há a sórí."

Fada tún un sọ. Sesammal kà á tẹ̀ lé e, kò ṣì í. Ó ní òun ò ní fi kọ́kọ́rọ́ kún un, òun ò sì ní yọ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀kọ́ kúrò. Fada dúpẹ́, ó gun alùpùpù rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

Pakkiyam, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Sesammal, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ.

"Olùṣọ́-àgùntàn rere," Pakkiyam wí. "O gbà? Ìwọ? Àbí oòrùn ti wọ̀ ọ́ lágbárí?"

Sesammal ní kó lọ wo ẹja tiẹ̀, ajá ti ń jẹ ẹ́.

Ní etíkun yẹn, ẹnikẹ́ni kì í lọ sókun lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, nígbà tí Fada Innasi ṣì jẹ́ àlùfáà ìjọ náà, ìjì ti há àwọn ọkùnrin mọ́lé pẹ́. Kò sí oúnjẹ nílé mọ́. Ọjọ́ Àìkú ni ìjì náà wá rọlẹ̀, àwọn kan sì ti ọkọ̀ wọn sínú omi. Rayappan, ọmọ kan ṣoṣo tí Sesammal bí, wà lára wọn. Fada Innasi gbọ́ nígbà tó ń múra Mísà. Ó ní ẹni tó bá kọ ọjọ́ Olúwa, kó má retí agogo Olúwa.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀nà ilé bí òjò bá bo ojú òkun. Wọ́n á máa lù ú láìdákẹ́, àwọn tó wà lórí omi á sì máa bá ohùn rẹ̀ bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà òjò ṣú, òkun dúdú, Fada Innasi sì ti ilé agogo pa, ó ki kọ́kọ́rọ́ sápò. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Sesammal di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Fada ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọkùnrin wọn kọ́gbọ́n. Wọ́n dáná imọ̀ ọ̀pẹ létí omi, òjò pa á. Orí kó àwọn yòókù yọ, wọ́n gúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rayappan ò dé.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá Sesammal ì bá dárí jì í. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì dá a lójú. Ohun tó wọ̀ ọ́ lára jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ó lọ bẹ Fada pé kó ka Mísà òkú fún ọmọ òun. Fada ní a ò rí òkú. Ó ní omi lè ti gbé e gúnlẹ̀ sí Sílóònì lódìkejì òkun, bó ti gbé àwọn mìíràn, òun ò sì lè ka Mísà òkú fún alààyè. Ó ní ẹnu àlùfáà ló ń sọ ẹni tó kú, kì í ṣe ẹkún obìnrin. Torí náà, lójú ìjọ Manalkarai, Rayappan ò kú. Kò ní àgbélébùú ní itẹ́ òkú. Lọ́jọ́ àwọn òkú, tí gbogbo èèyàn ń tan àbẹ́là sórí ibojì, Sesammal kì í rí ibi tí yóò fi tirẹ̀ lé. Á gbé e padà sílé láìtàn án.

Nígbà tí wọ́n gbé Fada Innasi lọ, Fada Bọ́ọ̀lù tó rọ́pò rẹ̀ ní òun yóò ka Mísà náà kíá. Sesammal kọ̀. Ó ní ẹnu tó tì í ni yóò ṣí i. Ó ránṣẹ́ sí Fada Innasi, ó ránṣẹ́, àwọn tó ń rán ń dàgbà, àwọn mìíràn ń kú. Kò sí èsì. Fada Innasi ń gòkè sípò ní tirẹ̀.

Ọjọ́ àsíá pé. Fada Innasi dé nínú ọkọ̀ funfun, wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn. Ó ti gbó, orí rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbé e jókòó sórí àga ńlá lábẹ́ ìbòòji. Àsíá gòkè, èèyàn pàtẹ́wọ́. Sesammal dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Fada Leon. Ó ti sùn. Ìjọ dáhùn. Ó ka Fada Kànga, ó ti sùn, wọ́n dáhùn. Ewúrẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dáhùn. Pósí, àwọn àgbà tẹrí ba. Oorun, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ohùn wọn ti bọ́ sójú kan, ó ń lọ bí ìgbà tí wọ́n ń wa ọkọ̀. Kò yí ohùn rẹ̀ padà rárá.

"Fada Innasimuttu," ló wí, "olùṣọ́-àgùntàn rere, ẹni tó tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀kọ́ sáàárín wa. Ó ti sùn."

"Kí ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú tàn sí i lára," ni gbogbo ìjọ wí.

Wọ́n ti wí i tán kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Fada Amalan dúró bí igi. Fada Innasi fi ọwọ́ ti àga, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Sesammal," ló wí. Ó mọ̀ ọ́n síbẹ̀. "O ṣì í. Mo wà níbí."

"Mo rí yín."

"Tún un kà, kí wọ́n lè dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ."

"Mi ò ṣì í. Ẹ ò jẹ́ kí ọmọ mi kú, Fada. Èmi náà ò ní jẹ́ kí ẹ wà láàyè."

Fada Innasi wo àwọn èèyàn náà, ó ń retí ẹni tí yóò bá Sesammal wí, ṣùgbọ́n àwọn tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pọ̀ níbẹ̀, ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Orí rẹ̀ ń gbọ̀n sí i. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Rayappan lorúkọ rẹ̀," ló wí. "Mi ò gbàgbé. Mo ṣe é lọ́nà tí kò yẹ. Jẹ́ kí n ka Mísà náà fún un lọ́la, èmi fúnra mi, kí n tó lọ."

Ohun tí Sesammal ti ń béèrè láti ọjọ́ yẹn nìyí, láti ẹnu náà gan-an. Pakkiyam, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, fà á láṣọ, ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kó gbà, kó gbà, kó yáa gbà. Sesammal wo ojú arúgbó náà. Ó rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa rí ìyẹn láyé yìí, ó sì dùn mọ́ ọn ju Mísà lọ.

"Òkú ni ọ́," ló wí. "Òkú kì í ka Mísà. Jókòó."

Ó pe Fada ní "ìwọ". Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Arúgbó náà sì jókòó. Sesammal yíjú sí ìjọ, ó ka Fada Bọ́ọ̀lù, ó ń bẹ, ó ka Fada Amalan, ó ń bẹ, wọ́n sì dáhùn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò dọ́gba mọ́.

Ọkọ̀ funfun náà gbéra kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Àwọn kan bínú sí Sesammal, wọ́n ní ó ba ọdún jẹ́. Àwọn kan bu ẹran kún àwo rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Pakkiyam jókòó tì í.

"Ohun tí ò ń wá ló fẹ́ fún ẹ," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Orí ẹ ò pé."

"Ìyẹn náà, mo mọ̀. Gbé iyọ̀ wá."

Kò pẹ́ tí Fada Amalan fi tún padà wá bá a níbi ẹja. Kò bínú mọ́. Ó ní láti ọjọ́ yẹn Fada Innasi ò jẹun dáadáa, kò sì sùn, pé bó bá fẹ́ sùn, á ní òun ń gbọ́ ohùn ìjọ. Arúgbó náà ń bẹ Sesammal pé kó yọ òun kúrò láàárín àwọn òkú. Fada Amalan ní òun náà ń bẹ̀ ẹ́. Ó sì ní bí Màmá ò bá fẹ́ kí arúgbó yẹn ka Mísà Rayappan, òun yóò kà á lọ́la, kí wọ́n ri àgbélébùú fún ọmọ náà.

Sesammal ronú sí i. Ó ronú gan-an, Fada sì rí i pé ó ń ronú.

"Bí ẹ bá kà á, ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú arúgbó yẹn ti parí nìyẹn," ló wí. "Mi ò tíì fẹ́ kó parí. Ẹ sọ fún un pé kó máa dúró."

"Rayappan náà ń dúró, Màmá."

Ọ̀rọ̀ náà ba Sesammal níbi tó yẹ kó bà á, Fada sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó dúró díẹ̀ bóyá yóò yí ọkàn padà. Sesammal bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí ẹja tí oòrùn ò tíì pa ní ẹ̀gbẹ́ kejì.