Ẹ Pe Orúkọ Wa Lọ́kọ̀ọ̀kan

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dìbò lórí òfin ibi ìfọ́kúta, Télọ̀ kò tíì fìdí kan àga ọ́fíìsì rẹ̀ tí Olùṣọ́-àgùntàn fi wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí fi ránṣọ kí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ tó ní kó lọ ṣojú àwọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sì bá a débẹ̀. Ní ti Olùṣọ́-àgùntàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí òun ni ẹgbẹ́ wọn yàn láti máa da àwọn ọmọ ẹgbẹ́ síbi ìbò bí ẹni ń da ẹran wọ ọgbà.

Ó fa àga, ó jókòó. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ti òní ò le rárá. Bí Olórí Ilé bá ti béèrè, gbogbo wa á jọ pariwo 'bẹ́ẹ̀ ni', ó parí."

"Òfin tó ní kí wọ́n máa fi ẹ̀tù fọ́ àpáta lẹ́yìnkùlé ilé ìwé ni kí n pariwo 'bẹ́ẹ̀ ni' sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé kọ́, Màmá. Wọ́n kàn ní kí wọ́n sún mọ́ ọn díẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwòrán yín tó kún ìgboro nígbà ìdìbò, ṣé ẹ rántí ẹni tó bá yín tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó ni ibi ìfọ́kúta náà ni. Bẹ́nu bá sì jẹ, ojú á tì."

"Àwòrán ò dìbò fún mi," ni Télọ̀ dá a lóhùn. "Èèyàn ló dìbò fún mi."

Ọkùnrin náà dìde. "Ẹgbẹ́ ló fi yín sínú ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ o. Ẹgbẹ́ náà ló lè yọ yín."

Ìyẹn ò dun Télọ̀ tó èyí tó tẹ̀ lé e. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa tírélà níbi ìfọ́kúta yẹn, ló pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá wa ní bí òfin yìí ò bá kọjá, àwọn á dá wa dúró."

Àwọn awakọ̀ náà dìbò fún Télọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló lọ sí ilé ìwé yẹn. Ògiri ti sán débi tí ọwọ́ rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, tíṣà sì fi páálí dí i. Bí àpáta ṣe dún lókèèrè, kíá làwọn ọmọ kó sábẹ́ tábìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

"Ṣé àpáta ti tán níbi tẹ́ ẹ wà báyìí ni?" ló bi í.

"Kò tán. Ó kù rẹpẹtẹ. Ibi tí wọ́n fẹ́ lọ yẹn ló sún mọ́ títì."

"Ó dáa. Ilé ìwé wo lọmọ ẹ ń lọ?"

"Ẹ ṣe ohun tó bá wù yín," ló wí, ó sì pa fóònù.

Nínú gbọ̀ngàn, Olórí Ilé béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fara mọ́ òfin náà. "Bẹ́ẹ̀ ni!" Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò fara mọ́ ọn. "Bẹ́ẹ̀ kọ́!" Létí Télọ̀, ariwo méjèèjì ò ju ara wọn lọ, àmọ́ Olórí Ilé ti gbé òòlù sókè láti fi lu tábìlì pé ó ti kọjá. Télọ̀ dìde.

"Mo fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú sọ tiẹ̀."

"Màmá, ẹ jókòó. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kọ́ nìyí," ni Olórí Ilé wí.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀.

"Mo mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí mo bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ó mọ̀ pé èmi ni. Ẹ jẹ́ káwọn tó rán wa níṣẹ́ náà mọ ẹni tó ba tiwọn jẹ́. Òfin ilé yìí sọ pé bí ẹni márùn-ún bá ti dìde, dandan ni kẹ́ ẹ pe orúkọ."

Òun nìkan ló dúró. Ó fi ọwọ́ di tábìlì mú. Nígbà tó ṣe, bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ kejì, tí wọ́n máa ń sọ pé oorun ló ń wá sùn níbẹ̀, dìde. Obìnrin méjì tẹ̀ lé e. Ó ku ẹyọ kan. Ẹni tó jókòó ti Olùṣọ́-àgùntàn gan-an ló dìde, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ni wọ́n bá ń pe orúkọ. Àwọn tó ti pariwo lẹ́ẹ̀kan di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn kan ṣàdédé rántí pé ìtọ̀ ń gbọ̀n àwọn, wọ́n sá jáde. Nígbà tó kan Télọ̀, "Bẹ́ẹ̀ kọ́" rẹ̀ dún dé òrùlé.

Òfin náà kọjá: ìbò mẹ́ta ni 'bẹ́ẹ̀ ni' fi ju 'bẹ́ẹ̀ kọ́' lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti yọ Télọ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́. Àmọ́ ìwé ìròyìn gbé orúkọ kálukú jáde, àwọn òbí ọmọ ilé ìwé náà gé e, wọ́n sì ń gbé e kiri láti ọ́fíìsì aṣòfin kan dé òmíràn, wọ́n ń bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Kí oṣù tó parí, mẹ́rin nínú àwọn tó sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n gbé òfin náà padà wá fún ìbò mìíràn. Wọ́n gbé e wá lóòótọ́, wọ́n sì fi ìbò dà á nù.

Wọn ò dá awakọ̀ kankan dúró. Síbẹ̀ àbúrò rẹ̀ kò tíì pè é. Ìyẹn ń dun Télọ̀, kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé kò dun òun. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí báyìí, àmọ́ bí Olórí Ilé bá ti ní kí wọ́n pariwo, ó ń dìde. Ẹni márùn-ún kì í sì í pẹ́ pé mọ́.