Dúrọ́ọ̀mù Tó Ń Gbé Èéfín Mì

Ẹ̀rù ásíìdì ń bà mí. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, níbi tí a ti ń ri irin tó dógùn-ún sínú ásíìdì kó lè mọ́. Kò sí àárọ̀ tí mi ò kì í dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀rù nǹkan kan. Imú ló fi ń mọ agbára ásíìdì. Á bẹ̀rẹ̀ sórí ọpọ́n ásíìdì, á fa atẹ́gùn símú. Tó bá ta á, ó dáa. Tí kò bá ta á, á ní, "Ó ti kú," á sì da tuntun sí i.

Ikọ́ wáá dé. Dókítà wo àyà ẹ̀, ó ní bí èéfín ásíìdì yẹn bá tún ń wọ̀ ọ́ lára, mímí máa di iṣẹ́ fún un. Kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àbí kó wá nǹkan ṣe sí èéfín.

"Kí n jókòó sílé, kí ìyàwó mi máa rán mi níṣẹ́?" Bó ṣe wí nìyẹn.

Mo lọ bá púlọ́ńbà àdúgbò wa. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù rọ́bà kan wá, ó ní kí n wá ìdérí ìgò rọ́bà tó máa kún un dé àyà.

"Kí ni ìdérí ìgò fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Fáànù á fa èéfín láti orí ọpọ́n gba ìdí dúrọ́ọ̀mù wọlé. Páǹpù á máa da omi sílẹ̀ látòkè. Èéfín á máa wá ọ̀nà láàárín ìdérí, á pẹ́ níbẹ̀, omi á gbá a mú."

"Omi lásán?"

"Omi oní sódà, sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Ásíìdì àti sódà, tọkọtaya oníjà ni wọ́n. Tí wọ́n bá pàdé, agbára àwọn méjèèjì á tán."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló rí inú dúrọ́ọ̀mù? Púlọ́ńbà bá fún mi ní bébà búlúù pélébé, irú èyí tó ń pọ́n tí ásíìdì bá kàn án. Nígbà tí a to dúrọ́ọ̀mù náà tán tí a tan fáànù àti páǹpù, mo rẹ bébà náà sómi, mo so ọ̀kan sórí ọpọ́n, mo so ìkejì síbi tí atẹ́gùn ń gbà jáde lórí dúrọ́ọ̀mù. Ti orí ọpọ́n pọ́n kí n tó yíjú. Ìkejì ò yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pààrọ̀ ẹ̀. Mò ń wò ó bí ẹni tó ń wo eyín àkọ́kọ́ lẹ́nu ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá èmi àti púlọ́ńbà nídìí dúrọ́ọ̀mù. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ó fa imú. Kò gbóòórùn.

"Ásíìdì ti kú. Gbé kẹ́ẹ̀gì tuntun wá."

"Ẹ̀gbọ́n, kò kú o. Èéfín ẹ̀ ni fáànù ń fà lọ."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Ó ká ọ̀rá tí a ta bo iwájú ọpọ́n sókè, ó fẹ́ ti orí bọ inú ẹ̀ láti gbóòórùn dáadáa. Mi ò rántí àgbà àbí àbúrò mọ́. Mo di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mú, mo fà á sẹ́yìn. Bọ́tìnnì já, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo fi ẹ̀mú mú ìṣó tó dógùn-ún kan, mo rì í sínú ásíìdì. Ó hó. Nígbà tó ṣe, mo yọ ọ́, mo fi omi ṣàn án. Ó ti mọ́ kedere.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìṣó náà títí.

"Níbo wáá ni òórùn ẹ̀ lọ?"

Láti ogún ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bi mí ní nǹkan kan nípa ásíìdì. Mo fi bébà méjèèjì hàn án. Ó lóṣòó ti dúrọ́ọ̀mù, ó gbọ́ bí omi ṣe ń ro nínú ẹ̀.

"Tí sódà inú omi yìí bá tán ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?"

Èmi àti púlọ́ńbà wo ara wa.

"Ẹ ò mọ̀, ẹ wáá ń já mi ní bọ́tìnnì!"

Ó gba bébà tuntun kan lọ́wọ́ mi, ó tì í bọ omi ìdí dúrọ́ọ̀mù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ orí wálẹ̀, à ń wò ó. Kò pọ́n; sódà ṣì wà níbẹ̀.

"Àràárọ̀ la ó máa ṣe èyí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó ki bébà tó kù sápò ara ẹ̀.