Yìnyín Gbàgbé Máìkì

Ọdún méjì gbáko ni Verna Halvorsen fi gbá géèmù orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tí kò fojú rí rí, kò sì sọ̀rọ̀ sí wọn létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlú Duluth ló ń gbé. Ó wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Nínú géèmù, Yìnyín lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń jí ẹni tó bá ṣubú. Bí ìbọn bá gbé ọ lulẹ̀, kíkà mẹ́wàá péré lo ní. Bí Yìnyín kò bá fọwọ́ kàn ọ́, ó tán. Máìkì rẹ̀ kì í sí ní títàn. Ohun tí wọn ì báà bi í, "ó dáa" ni yóò tẹ̀ ránṣẹ́.

Colby Strand ló fà á. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ni Colby, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ju ilẹ̀kùn gáréèjì lọ.

"Ojúlówó onígéèmù kì í ṣe obìnrin," ni yóò wí, "kì í sì í wá awò ojú kiri kó tó ríran. Àwọn ìyá tó ń gbá géèmù títo súìtì lórí fóònù yẹn, ṣé onígéèmù nìyẹn náà ni?"

Verna á ti awò ojú rẹ̀ sókè, á tẹ "ó dáa". Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àyè tó ní láàárín wọn yìí ló ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò fẹ́ kí wọ́n lé òun.

Ìdíje àṣekágbá bọ́ sí ọ̀sán Sátidé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi máìkì bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Fargo sọ̀rọ̀. Kò rántí pa á. Nígbà tí ìjà gbóná, ó rí i tí àwọn ará tirẹ̀ ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà tóóró, ni ohùn awakọ̀ bọ́ọ̀sì bá jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Ẹ yé tira yín! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa wọlé! Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, mo ń wò ọ́ nínú jígí o!"



"Yìnyín," ni Colby wí, "ìyá àgbà rẹ ti wọ yàrá. Ní kí wọ́n jáde."

Verna sáré fèsì: "Ẹ má bínú o. Yìnyín wà nílé ìyàgbẹ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ni mí."

"Ta ló wá ń yìnbọn?" ni Renard bi í. Nọ́ọ̀sì ni Renard ní Winnipeg, òun sì ni olórí wọn. Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀tá méjì lulẹ̀ lójú gbogbo wọn ni.

"Ó gbé e dání lọ."

"Odidi kọ̀ǹpútà? Ìyá, ẹ̀yin ni Yìnyín, àbí?"

Verna mí kanlẹ̀. "Èmi ni."

"Rárá o!" Colby ta kìjí. "Arúgbó ló ń jí mi láti ọdún méjì? Èmi ò ní bá ìyá ìyá ẹnikẹ́ni gbá géèmù. Kí wọ́n jáde, ká fi mẹ́rin—"

Ìbọn gbé e ṣubú kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Yìnyín rìn wá, ó dúró lé e lórí.

"Jí mi!"

"Arúgbó ló wà níbí. Kò sí onígéèmù níbí."

Mẹ́fà.

"Jọ̀ọ́!"

"Ta lò ń bá wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá!"

"N kì í ṣe ìyá rẹ. Kí ni mo jẹ́?"

Mẹ́ta. Méjì.

"Onígéèmù ni yín! Ojúlówó! Ẹ fọwọ́ kàn mí!"

Ó fọwọ́ kàn án.

Wọ́n pàdánù ìdíje náà ṣá, ọ̀tá fi àmì kan ṣoṣo jù wọ́n lọ. Renard ní kí gbogbo ènìyàn padà wá gbá ní Wẹ́sidé, agogo mẹ́ta, títí kan ìyá. Colby kò kúrò láàárín wọn. Bó bá lọ, ta ni yóò máa jí i?

Nígbà tí Wẹ́sidé pé, Verna kò pa máìkì rẹ̀ mọ́.

"Colby, ìwọ lo ń jẹun sí wa létí yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Tètè gbé e mì. A ti ń lọ."