Alfa Àmọ̀dá Gbé Awò Sójú Ọ̀run

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Alfa Àmọ̀dá, wẹ́dà tó wà ní Ojú-Ore, fi jẹ́ ẹlẹ́rìí oṣù fún mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀. Bí Ṣàábánà bá ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òun ni í gun òkè, tí í wo ìwọ̀ oòrùn, tí í sọ fún Lẹ́mọ́mù bóyá ààwẹ̀ dé tàbí kò tíì dé. Ṣùgbọ́n iná wẹ́dà ti jẹ ojú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, oṣù lé, àwọn ọmọdé ń nawọ́ sí i, Àmọ̀dá ní òun kò rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni Àdìsá tó ń ta pákó ti ń sọ kiri pé ojú Ẹ̀gbọ́n Àmọ̀dá ti di fèrèsé tí wọ́n fi bébà dí. Lẹ́mọ́mù náà fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé bí ti ọdún yìí bá tún bọ́, Àdìsá ni yóò gba iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé egungun. Naimat, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, ló ra awò ọ̀nà jíjìn fún un, èyí táwọn ọmọ ìwé ń pè ní tẹlisikóòpù. Àmọ̀dá gbé e sórí dẹ́kìn ilé rẹ̀ tí kò tíì ní òrùlé, ó kọ́kọ́ kì í ná:

"Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í rìn. Olójú kan tí ń ṣọ́ ọ̀run. Má dójú tì mí o."

Lọ́jọ́ kìíní, òkùnkùn biribiri ló rí. Ó ní Ọlọ́run tóbi, ọ̀run mà ṣú o. Hajarat ìyàwó rẹ̀ ló ṣí ìdérí kúrò lẹ́nu awò. Lọ́jọ́ kejì, ó rí mọ́ṣáláṣí wọn tó forí dúró tó gbẹ́sẹ̀ sókè, ló bá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, títí Naimat fi ṣàlàyé lórí fóònù pé bí awò náà ti ń ṣe nìyẹn, ó ń dorí nǹkan kodò. Ó ní kó kọ́kọ́ fi ojú awò tí kì í mú nǹkan tóbi púpọ̀ wá ohun tó ń wá, kó tó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó lágbára. Ó ní kó má fi wo oòrùn láéláé, bí kò bá fẹ́ kí ìwọ̀nba ojú tó kù náà lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí ìdì ìràwọ̀ kan tó kó jọ bí òròmọdìyẹ lábẹ́ ìyá wọn. Ó kà wọ́n dé mẹ́tàdínlógún, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ka ìràwọ̀ kẹ́yìn.

Ṣàábánà pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bó ti kírun Màgíríbì tán lórí dẹ́kìn, ó ní Bísímílà, ó dojú awò kọ ìwọ̀ oòrùn. Kò pẹ́ rárá. Oṣù ló rí, tẹ́ẹ́rẹ́, funfun, bí èékánná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ó sáré pe Lẹ́mọ́mù lórí fóònù.

Lẹ́mọ́mù wà níwájú mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú Àdìsá àti àwọn jàmáà. Ẹlẹ́rìí méjì ló ń wá kó tó kéde. Àdìsá gbọ́ pé Àmọ̀dá ti rí oṣù, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó ní òun náà ti rí i tipẹ́, ojú lásán lòun fi rí i, ẹlẹ́rìí kejì lòun ń dúró dè. Lẹ́mọ́mù ní ó dáa, kí àwọn lọ wò ó pọ̀ kí òun tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Lórí dẹ́kìn, Hajarat ń wo sánmà. "Bàbá Naimat, oṣù ọ̀hún dà?"

Àmọ̀dá ní kó fojú sí awò. Ó fojú sí i, ó rí oṣù. Ó gbójú kúrò, ó nàka sí ibi tí ẹnu awò kọjú sí.

"Àgùàlà nìkan ni mo rí níbẹ̀ o."

Àmọ̀dá gbójú sókè. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú tirẹ̀ náà rí i. Ọgbọ̀n ọdún sì ti kọ́ ọ pé oṣù tuntun kì í ga tó yẹn; ìsàlẹ̀ ní í máa rápálá sí bí olè. Ó pe Naimat, ó bi í bóyá ìràwọ̀ lè dà bí oṣù nínú awò. Naimat ní bẹ́ẹ̀ ni, Àgùàlà náà a máa rù a sì máa sanra bí òṣùpá, awò ló ń fi í hàn. Àwọn baba wa ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yìí, ajá ti gbé ẹ̀wù olówó rẹ̀ wọ̀.

Ẹsẹ̀ ti ń dún lórí àkàsọ̀. Bí Àmọ̀dá bá panu mọ́, wọn yóò wo inú awò, wọn yóò rí oṣù, òun ni yóò sì jẹ́ ojú àdúgbò títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n gbogbo jàmáà ni yóò gba ààwẹ̀ irọ́ lọ́rùn rẹ̀. Hajarat ń wò ó.

Lẹ́mọ́mù dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Lẹ́mọ́mù, ẹ dárí jì mí," ni Àmọ̀dá wí. "Kì í ṣe oṣù. Àgùàlà ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn jẹun lọ́la. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún Àdìsá, mo fara mọ́ ọn."

Lẹ́mọ́mù wo inú awò títí. Ó wo sánmà. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Àdìsá.

"Èyí tí ìwọ fojú lásán rí ńkọ́? Nawọ́ sí i."

Àdìsá nawọ́ sókè ilé-iṣẹ́ kan, ó gbé e lọ sọ́tùn-ún, ó gbé e wá sósì, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó ní kùrukùru ti bò ó. Ẹnìkan lẹ́yìn ní bóyá oṣù náà gbàgbé nǹkan sílé ló fi padà. Irọ́ tí wọ́n ní ó ń lo ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a, ti Àdìsá kò lo ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹnìkan rí nǹkan, ó ní oṣù kọ́," ni Lẹ́mọ́mù wí. "Ẹnìkan kò rí nǹkan kan, ó ní oṣù ni. Àmọ̀dá, ìwọ ni yóò wo oṣù ìtúnu fún wa."

Ni jàmáà bá tò láti wo Àgùàlà. Àdìsá ló kẹ́yìn ìlà. Ó fojú sí awò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló rí, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n Àmọ̀dá kọ́kọ́ sọ.